Elizabethtown (2005): ibo gan-an ni Cameron Crowe ti ṣìnà?

Awòran-má-sùn kọ̀wé:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Elizabethtown ni mo gbé wá síwájú yín, eré ìfẹ́ aláwàdà tí Cameron Crowe kọ tó sì tún darí, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá ọdún 2005. Fún ẹni tí kò bá rántí ìtàn rẹ̀ mọ́: Drew Baylor (Orlando Bloom) ló ṣe bàtà tuntun kan fún ilé-iṣẹ́ ńlá, bàtà náà já sí òfo, ilé-iṣẹ́ sì pàdánù mílíọ̀nù 972 dọ́là. Ó kù díẹ̀ kó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ni fóònù dún: bàbá rẹ̀ ti kú ní Kentucky, níbi tó ti lọ kí àwọn ẹbí. Òun ni wọ́n ní kó lọ gbé òkú wá. Inú bàálù ló ti pàdé Claire (Kirsten Dunst), òṣìṣẹ́ bàálù tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ìfẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ohun tí èèyàn ń wá lára eré ìfẹ́ tí kò tọ ọ̀nà tí gbogbo ayé ń tọ̀ ló wà níbẹ̀. Òkú wà ńlẹ̀, bàtà tó ba ayé jẹ́ wà ńlẹ̀, àwọn tó ń ṣègbéyàwó sì ń pariwo ayọ̀ nínú hòtẹ́ẹ̀lì kan náà tí ọmọ olóòkú dé sí. Síbẹ̀, nígbà tí fíìmù parí, kò sí ohun tó dì mú lọ́kàn ẹni. Ẹjọ́ mẹ́ta ni mo ní: Claire kò ní ayé tirẹ̀, orin ń bo ìran mọ́lẹ̀, ìrìn-àjò ìparí, níbi tí Drew ti ń wakọ̀ tẹ̀lé máàpù tí Claire yà fún un, sì dà bí ìwé atọ́nà arìnrìn-àjò. Ẹ̀yin tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ fíìmù àti bí wọ́n ṣe ń tò ó (ìyẹn gígé àwòrán àti síso wọ́n pọ̀), ẹ bá wa dá sí i. Àṣejù olùdarí ni àbí ìtàn ni kò dúró dáadáa láti ìpìlẹ̀?

---

Ọ̀bẹ-Olóòtú kọ̀wé:

Ìtàn ni, ṣùgbọ́n ibi títò ni ẹ ti máa rí ọgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ rántí pé fíìmù yìí gùn ju báyìí lọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi han ayé ní Venice àti Toronto ní oṣù kẹsàn-án 2005. Àwọn alárìíwísí bá a wí gan-an, Crowe sì padà sí yàrá títò, ó gé e kù sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 123. Ọ̀kan nínú ohun tó gé ni àfikún ìparí tó sọ pé bàtà náà padà di ọjà tó gbòde nítorí pé ó ń súfèé bí èèyàn bá wọ̀ ọ́ rìn. Ó dára pé ó gé e. Bí bàtà bá lè jí dìde bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé òfò tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn kì í ṣe òfò rárá.

Àmọ́ a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àárín ni àìsàn wà, ìdí sì ni pé fíìmù méjì ló wà nínú awọ kan. Ìkínní jẹ́ ti ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣubú, ìbéèrè rẹ̀ sì ni: "Ṣé èmi ṣì níyì bí iṣẹ́ bá lọ?" Ìkejì jẹ́ ti ọmọ tí kò mọ bàbá rẹ̀ dáadáa, tirẹ̀ sì ni: "Ta ni ọkùnrin yìí tí gbogbo ìlú ń sunkún fún?" Ìran tó bá dáhùn ọ̀kan kì í kan èkejì. Ẹ wo ìgbà tí Drew wọ Elizabethtown, tí àwọn èèyàn tó wà lẹ́bàá títì ń nawọ́ júwe ọ̀nà fún un kó tó béèrè. Ìran tó dára ni, fún ìtàn bàbá. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bàtà tún yọjú, omi ìran tó ṣáájú á sì gbẹ.

Bí mo bá ní kí n kà á fún yín, ìlà ìtàn mẹ́fà ló ń du àkókò: bàtà, òkú, Claire, ìyá Drew ní Oregon, Jessie ìbátan rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó ń figbe ta, àti ìgbéyàwó Chuck àti Cindy ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ìṣẹ́jú 123 pín sí ọ̀nà mẹ́fà kò ní fún ẹnikẹ́ni ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ, ẹni tí ogún ìṣẹ́jú yẹn pa lára jù sì ni bàbá tó kú. Ta ni Mitch Baylor? Títí fíìmù fi parí, a mọ̀ pé èèyàn fẹ́ràn rẹ̀, a mọ̀ pé ó ní aṣọ kóòtù aláwọ̀ búlúù. Kí la tún mọ̀?

---

Àǹtí Ìwé-Eré kọ̀wé:

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹjọ́ Claire, torí pé ó ti di ẹjọ́ ìtàn sinimá fúnra rẹ̀.

Ní oṣù kìíní 2007, Nathan Rabin tó ń kọ̀wé fún The A.V. Club ló fi Claire ṣe àpẹẹrẹ nígbà tó sọ irú ẹ̀dá-ìtàn yìí lórúkọ: Manic Pixie Dream Girl. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọmọbìnrin aláyọ̀, tí ìṣe rẹ̀ kò bá ti ẹlòmíràn mu, tí òǹkọ̀wé dá sáyé kìkì kó lè kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin oníbànújẹ́ bí a ṣe ń gbádùn ayé. Orúkọ náà tàn débi pé àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo obìnrin tó bá ti pa irun rẹ̀ láró. Ní 2014 Rabin fúnra rẹ̀ kọ̀wé sínú Salon láti tọrọ àforíjì pé òun dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ ká kàn lẹ orúkọ mọ́ ọn ká sì máa lọ. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀dá-ìtàn náà wò.

Ìdánwò kan wà tí òǹkọ̀wé lè ṣe fún irú ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀. Mú ìwé eré, pa gbogbo ìran tí ọkùnrin wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí o wo ohun tó kù fún obìnrin. Fún Claire, díẹ̀díẹ̀ ló kù, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ pé ó ń bá ọkùnrin yẹn kan náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn, béèrè pé kí ló ń wá tí kò kan ọkùnrin náà. Claire máa ń sọ nípa ọ̀rẹ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Ben, ó sì hàn gbangba pé àròsọ ni Ben. Ibi tó yẹ kí fíìmù gbẹ́ nìyẹn! Kí ló dé tí obìnrin tó mọ tinú tòde gbogbo èèyàn fi nílò ọ̀rẹ́kùnrin àtọwọ́dá? Ìdánìkanwà wà níbẹ̀, ẹ̀rù wà níbẹ̀, irọ́ wà níbẹ̀. Crowe fọwọ́ kàn án, ó sì sáré kúrò. Ìdánwò tó kẹ́yìn ni kí o wo ohun tó máa pàdánù bí ìfẹ́ náà kò bá bọ́ sí i. Kò sí. Ó ní iṣẹ́, ó ní ẹ̀rín, ó ní àkókò tó tó láti fọwọ́ ya máàpù kó sì ṣe àwọn CD orin fún ìrìn-àjò wákàtí 42 àti ìṣẹ́jú 11. Ta ló ń ṣe iṣẹ́ bàálù tó ń rí irú àyè yẹn?

Ẹ fi Clementine inú Eternal Sunshine of the Spotless Mind wé e, fíìmù tó jáde ní ọdún 2004, tí Kirsten Dunst náà kó ipa mìíràn nínú rẹ̀. Irun Clementine ń yí àwọ̀, ìwà rẹ̀ ń ta bí ẹtù, àmọ́ ó sọ ọ́ sí Joel, ọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ, lójú pé òun kì í ṣe ohun èlò tí ọkùnrin fi ń tún ayé ara rẹ̀ ṣe, pé òun náà ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀ tòun. Ìwé eré tó ní ìran yẹn mọ̀ pé ewu wà nínú irú ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀. Ti Elizabethtown kò mọ̀.

---

Orí-Fóònù kọ̀wé:

Àǹtí, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká ṣe Dunst níkà. Ìran ìpè fóònù tó gùn di àfẹ̀mọ́júmọ́ yẹn dára. Wọn kò jókòó lójú kan. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń rìn, ń ṣe iṣẹ́ kéékèèké lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ń fò láti orí èyí sí ìyẹn, a kì í sì í gbọ́ ìparí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ fóònù òru ṣe rí gan-an nìyẹn. Wọ́n wá ní kí àwọn pàdé lójú ọ̀nà kí àwọn wo bí oòrùn ṣe ń yọ, bí wọ́n sì ṣe fojú kan ara wọn báyìí, ọ̀rọ̀ tán. Claire ló sọ ọ́ pé orí fóònù ni adùn àwọn ti parí. Ẹ̀rín ni, ó tún dunni. Ká ní gbogbo fíìmù rí bẹ́ẹ̀ ni, a kò ní wà níbi.

---

Àǹtí Ìwé-Eré kọ̀wé:

@Orí-Fóònù, mo gbà fún ọ. Ìdí tí ìran yẹn fi ṣiṣẹ́ ni pé àwọn méjèèjì ló pàdánù nǹkan nínú rẹ̀. Ìran kan péré ni o.

---

Etí-Ìlù kọ̀wé:

Ọ̀rọ̀ orin ni tèmi. Gbogbo ayé mọ̀ pé Crowe ti ń kọ̀wé fún Rolling Stone, ìwé ìròyìn orin, láti ìgbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba. Kò sí olùdarí púpọ̀ tó mọ orin tó o, ìyẹn ló jẹ́ kí ti Elizabethtown dun èèyàn jù.

Ẹ wo bó ṣe lo "Tiny Dancer" ti Elton John nínú Almost Famous (2000). Ẹgbẹ́ olórin ti bá ara wọn jà, gbogbo wọn wà nínú bọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ojú ẹnì kejì. Inú bọ́ọ̀sì yẹn gan-an ni orin náà ti ń dún, àwọn ẹ̀dá-ìtàn ń gbọ́ ọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, èkejì bá a gbè é, kò pẹ́ gbogbo bọ́ọ̀sì ti ń kọrin. Ìjà parí láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ pé "jọ̀wọ́, má bínú." Bí ẹ bá yọ orin yẹn kúrò, ìran náà kú, torí pé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu ì bá ṣe ni orin ń ṣe.

Nínú Elizabethtown, ọ̀pọ̀ orin ló ń ti òde wá. Drew ń wakọ̀, orin wọlé. Drew ń wo fèrèsé, orin wọlé. Èyí tó burú jù ni kí ọ̀rọ̀ orin máa tún ohun tí ojú ń rí sọ: ọmọ ń ṣọ̀fọ̀ bàbá, wọ́n wá fi "My Father's Gun" sí i, orin tó dá lórí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá rẹ̀. A ti rí i, ẹ tún ń sọ ọ́ fún wa!

Ohun tí ẹni tó ń yan orin fún fíìmù gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ kò pọ̀. Ibo ni orin náà ti ń dún, ṣé inú ìran ni àbí òde rẹ̀? Kí ni ìran náà kò tíì sọ tí orin máa sọ? Ìgbà wo ni yóò jáde? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Orin tó bá wọlé kí ìmọ̀lára tó dé ń pàṣẹ fún awòran pé kó sunkún, awòran tí wọ́n bá sì pàṣẹ fún kì í sunkún. Ẹ jẹ́ kí òṣèré kọ́kọ́ débẹ̀, kí orin tẹ̀lé e. Nínú ìran ìrìn-àjò ìparí, orin ló máa ń ṣáájú Bloom, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ó kàn ń tẹ̀lé e kiri.

Èyí tó fẹ́ bọ́ sí i ni "Free Bird" níbi ìrántí òkú. Ẹgbẹ́ Jessie ló ń lù ú lórí ìtàgé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ My Morning Jacket láti Louisville ló sì ṣe olórin náà, nítorí náà ìlù wọn kì í ṣe àfarawé. Ẹyẹ ńlá tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ gbiná, omi panápaná tú lu gbogbo èrò, wọn ò dá orin dúró. Àwàdà àti ọ̀fọ̀ wà nínú àwòrán kan ṣoṣo, láìsí àlàyé. Crowe tí a mọ̀ nìyẹn.

---

Ọmọ-Wilder kọ̀wé:

Crowe fúnra rẹ̀ ló fi òṣùwọ̀n tó yẹ ká fi wọ̀n ọ́n lé wa lọ́wọ́. Ní 1999 ó tẹ ìwé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó ṣe pẹ̀lú Billy Wilder, olùdarí The Apartment, jáde. Ó ti bẹ bàbá yẹn pé kó wá ṣe eré nínú fíìmù rẹ̀ Jerry Maguire, bàbá kọ̀. Ó mọ The Apartment (1960) bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, fíìmù yẹn náà sì jẹ́ eré ìfẹ́ aláwàdà tí ẹnì kan ti fẹ́ pa ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé méjèèjì síra.

Nínú The Apartment, Baxter jẹ́ akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò tó ń yá àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní iyàrá rẹ̀ kí wọ́n lè máa gbé àlè wá síbẹ̀, wọ́n sì ń fi ìgbéga san án fún un. Ó rí dígí ìpara kékeré kan tí obìnrin gbàgbé sílé rẹ̀, dígí náà ti sán. Ó dá a padà fún ọ̀gá rẹ̀. Níbi àríyá Kérésìmesì ní ọ́fíìsì, Fran tí ọkàn rẹ̀ fà sí yá a ní dígí kó fi wo fìlà tuntun orí rẹ̀. Baxter wo inú dígí, ó rí ojú ara rẹ̀ ní ìlàjì méjì. Kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún un. Ó ti mọ ẹni tó ń wá sílé òun, àwa náà mọ̀, Fran kò mọ̀ pé ó mọ̀. Ohun èlò kan ṣoṣo ló ṣe iṣẹ́ ojú ewé márùn-ún.

Nígbà tí Fran wá gbé oògùn oorun mì ní iyàrá yẹn, Wilder kò sáré kọjá. Dókítà tó ń gbé ní ilé kejì wá, ó gbá a lójú, ó fi kọfí sí i lẹ́nu, wọ́n ń mú un rìn síwá sẹ́yìn nínú ilé kó má bàa sùn. Kò sí orin aládùn. Ẹ̀rù ń ba awòran gan-an, nítorí náà nígbà tí ẹ̀rín padà dé, tí Baxter ń fi rákẹ́ẹ̀tì tẹ́nìsì sẹ́ sùpàgẹ́tì, ẹ̀rín ìtura ni. A ti san owó rẹ̀.

Nínú Elizabethtown, Drew di ọ̀bẹ mọ́ kẹ̀kẹ́ ìdárayá, fóònù dún, ọ̀rọ̀ yẹn sì parí síbẹ̀. Wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tí kò ní àbájáde kankan. Kò sí ẹni tó ká a mọ́, kò sí ẹni tí ẹ̀rù bà, òun fúnra rẹ̀ kò jọ ẹni tó ti dé bèbè nǹkan kan. Àwàdà tó bá fẹ́ fi ikú ṣeré gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ikú wúwo fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó kéré tán. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó bá tẹ̀lé e á fúyẹ́ bí ìyẹ́, kódà òkú bàbá.

Ẹ tún wo ohun èlò. Dígí Wilder sán, ó sì ń tan ìmọ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Máàpù Claire rẹwà, ṣùgbọ́n kí ni Drew ṣe kó tó gbà á? Ó kàn gbà á ni. Nínú The Apartment, Baxter kọ̀ láti fún ọ̀gá rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ iyàrá mọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọ̀gá lé e lọ́wọ́, iṣẹ́ sì bọ́. Ìfẹ́ ná an ní nǹkan. Ìfẹ́ kò ná Drew ní kọ́bọ̀, torí ó ti pàdánù gbogbo nǹkan kí ìfẹ́ tó dé, kò sì sí ohun tó kù tó lè fi sílẹ̀.

---

Aríwísí kọ̀wé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè máa fi pàṣán Wilder na gbogbo ayé o. Oríkì ni fún Crowe pé ẹ tilẹ̀ fi wé e.

Ẹ jẹ́ ká wo ti òṣèré àti owó. Ashton Kutcher ni wọ́n kọ́kọ́ mú fún Drew kí ó tó di Bloom. Bloom ti di ìlúmọ̀ọ́ká nípasẹ̀ idà àti ọfà nígbà náà, irú eré tí òṣèré ti ń dúró gbọnyin. Drew kò nílò ìdúró gbọnyin. Ẹ̀dá-ìtàn tí kì í ṣe nǹkan kan, tí nǹkan kàn ń ṣẹlẹ̀ sí, ojú ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Jack Lemmon, ẹni tó ṣe Baxter nínú The Apartment, á gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, ẹ ó rí ìrònú mẹ́ta tó kọjá lójú rẹ̀ kó tó fèsì. Bloom ní ìrònú kan, ó sì di í mú. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó tún ń ṣọ́ ohùn Amẹ́ríkà lẹ́nu, ó sì ń hàn pé ó ń ṣọ́ ọ.

Ní ti owó, fíìmù náà ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 45 dọ́là, ó sì pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 52 káàkiri ayé. Ẹ má rò pé èrè nìyẹn. Àwọn ilé sinimá á mú ìpín tiwọn nínú owó ìwọlé, owó ìpolówó sì wà lọ́tọ̀. Ní ọdún tó ṣáájú, Garden State ti jáde pẹ̀lú ìtàn tó fara jọ ọ́ gidi: ọmọ padà sílé nítorí òkú òbí, ó pàdé ọmọbìnrin tí ìṣe rẹ̀ yàtọ̀, orin kún inú rẹ̀. Mílíọ̀nù 2.5 péré ni wọ́n ná, ó pa ju mílíọ̀nù 35 lọ. Fíìmù kékeré lè wọ́ gọ́gọ́ díẹ̀ kí awòran foríjì í. Èyí tó bá ná mílíọ̀nù 45 kò ní àǹfààní yẹn.

---

Awòran-má-sùn kọ̀wé:

Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ẹ ti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ Hollie, ìyá Drew, tí Susan Sarandon ṣe. Ọkọ rẹ̀ kú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ títúnṣe, oúnjẹ sísè àti ijó tap (ijó tí wọ́n ń fi bàtà lu ilẹ̀ kó máa dún) lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi ìrántí òkú, ó gun orí ìtàgé, ó ṣàwàdà bí apanilẹ́rìn-ín, ó wá fi ijó tap jó "Moon River". Ìran yẹn ló pín àwọn awòran sí méjì. Kí lẹ rí sí i?

---

Ọ̀bẹ-Olóòtú kọ̀wé:

Ijó náà kò burú, ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ló gùn. Nínú irú ìran bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà lórí ìtàgé kọ́ ló ń pa awòran lẹ́rìn-ín bí kò ṣe ojú àwọn tó ń gbọ́. Ìdílé Kentucky kò fẹ́ràn obìnrin yìí, wọ́n gbà pé òun ló gba Mitch lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà ìbéèrè ìran náà ni: "Ṣé wọ́n á gbà á?" Ó yẹ kí olóòtú yan ojú méjì tàbí mẹ́ta nínú èrò, àwọn tó le jù, kó sì máa padà sí wọn kí a lè máa rí bí yìnyín ṣe ń yọ́. Ohun tí a rí ni pé gbogbo gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín papọ̀ kí Hollie tó là á já. Ìjà tí wọ́n ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ yanjú láàárín àwàdà kan. Ijó náà wá dé bí ẹ̀bùn fún ẹni tó ti jàre tẹ́lẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kí n tún fíìmù yìí tò pẹ̀lú ohun tí wọ́n ti yà, láìya àwòrán tuntun kankan, báyìí ni mo máa ṣe é. Màá yọ ohùn Drew tó ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín ìkùnà àti àjálù ní ìbẹ̀rẹ̀, kí fíìmù ṣí pẹ̀lú fóònù tó ń dún nípa ikú bàbá. Ọ̀rọ̀ bàtà á wá fara hàn nígbà tí Claire bá gbọ́ ọ, kí ó lè jẹ́ àṣírí tó ń jẹ ọkùnrin náà nínú ní gbogbo ìgbà tí ẹbí ń yìn ín pé ó ti dèèyàn ńlá. Ó kéré tán, ìyẹn á fún Bloom ní nǹkan tó máa fi pamọ́, òṣèré tó bá ń fi nǹkan pamọ́ sì máa ń sàn ju èyí tó ń fi ìbànújẹ́ hàn lọ. Chuck àti Cindy á kù sí ìran kan. Ọ̀rọ̀ Hollie á dín kù ní ìlàjì, ijó á dúró. Nínú ìrìn-àjò, màá fi ibi tó ti de bẹ́líìtì mọ́ ìkòkò eérú bàbá rẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú igi tó ṣẹ́kù lẹ́yìn bọ́ǹbù ní Oklahoma City, màá sì yọ ohùn Claire kúrò lórí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ọmọ àti eérú bàbá nínú ọkọ̀ kan, ẹnu dákẹ́. Bóyá ìṣẹ́jú 100 ni yóò kù.

Ohun tí títò kò lè wò sàn ni Claire. Ohun tí wọn kò kọ, wọn kò yà á.

---

Etí-Ìlù kọ̀wé:

Bí ẹ bá yọ ohùn Claire lórí ìrìn-àjò, a jẹ́ pé ẹ yọ ìdí tí Drew fi dé ọjà àgbẹ̀ ní Nebraska nìyẹn, níbi tó ti tún rí i pẹ̀lú fìlà pupa. Ẹ ṣọ́ra fún okùn yẹn.

---

Ọ̀bẹ-Olóòtú kọ̀wé:

Máàpù fúnra rẹ̀ ti tó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ìwé, awòran lè kà á.

---

Aríwísí kọ̀wé:

Ó ku olùdarí. Àwọn kan ní ibí ni Crowe ti kú. Èmi ò gbà, àmọ́ àìsàn yìí padà dé nínú Aloha (2015): obìnrin tó ń sáré, tó ń sọ̀rọ̀, tó gba ọkùnrin oníbànújẹ́ là. Ó tún wá fi Emma Stone ṣe Allison Ng, ẹni tí ìtàn ní ó ní ẹ̀jẹ̀ Ṣáínà àti ti Hawaii lára, ariwo sì ta débi pé Crowe kọ̀wé ìtọrọ àforíjì sórí ojúlé rẹ̀. Mílíọ̀nù 37 ni wọ́n ná, kò pa tó 30.

Ní Say Anything (1989) kò rí bẹ́ẹ̀. Diane ní ìwé-ẹ̀kọ́, ó ní bàbá tó fẹ́ràn, bàbá náà sì lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé ó ń jí owó àwọn arúgbó. Lloyd, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ, kọ́ ni gbogbo ìṣòro rẹ̀. Ọkùnrin tó kọ obìnrin yẹn náà ló kọ Claire ní ọdún 16 lẹ́yìn náà.

---

Ọmọ-Wilder kọ̀wé:

Ohun tó yí padà ni ibi tó ń tijú. Àwọn ẹ̀dá-ìtàn Say Anything àti Almost Famous máa ń ṣe ohun ìtìjú lójú wa, fíìmù á sì fi wọ́n sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Láti Elizabethtown lọ, bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ jẹ̀bi báyìí, orin á ti dé láti gbà á.

---

Àlejò-Tuntun kọ̀wé:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, èmi tí n kò tíì wò ó, ṣé kí n wò ó àbí kí n fi sílẹ̀?

---

Orí-Fóònù kọ̀wé:

Wò ó títí dé ibi tí oòrùn ti yọ lẹ́yìn ìpè fóònù. Lẹ́yìn náà, fò lọ sí "Free Bird". Sì máa ka iye ìgbà tí àwọn ará Kentucky pe Drew ní ará California nígbà tó jẹ́ pé Oregon ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀fẹ̀ yẹn nìkan ni Crowe kò fi orin tì lẹ́yìn, òun náà ló dùn jù.

---

Àǹtí Ìwé-Eré kọ̀wé:

Fi ìran 60B kún un, ibi tí Claire ti ń tẹnu mọ́ nọ́ńbà ìyànà tí Drew kò gbọ́dọ̀ kọjá, tó sì kọjá rẹ̀.